Ìmọ̀ràn kíákíá: Illmatic fún Sátidé yìí, ẹ̀dà wo ni kí n rà?

Ṣeun_Muṣin — Ọjọ́rú, 7:12 ìrọ̀lẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n gbé iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́. Ní Sátidé yìí, kí n gbé odidi àwo orin ráàpù kan sí i fún àwọn ọ̀dọ́ kan, kí n sì ṣàlàyé ìdí tí àwọn èèyàn ṣì fi ń gbọ́ ọ. Illmatic, àwo àkọ́kọ́ tí Nas, olórin ráàpù ará New York, ṣe, ni mo mú. Rẹ́kọ́ọ̀dù gidi ni mo fẹ́ lò, kì í ṣe ti fóònù. Níbo ni mo ti lè rí i rà kíákíá, ẹ̀dà wo ló dára, kí ni kí n sì sọ? Ẹ dákun, ọjọ́ ti lọ.

Bàbá Abẹ́rẹ́ — 7:40
Ṣeun, o ò sọ irú ẹ̀rọ àwo tó wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, èyí tí mọ́tò rẹ̀ ń jẹ iná AC, iná ara ògiri, tààrà, má wulẹ̀ gbé e lọ. Tiransifọ́mà á sọ 240 volt di 110 fún ọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50 Hz tiwa (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) di 60 Hz tiwọn, Hz yẹn ni mọ́tò náà sì fi ń mọ eré tó máa sá. Àwo tó yẹ kó yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan á máa yí bí ìgbà 28. Ohùn Nas á wá wúwo bí ti ẹni tí oorun ń kùn. Lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ẹnìkan bá tan fáànù, eré jẹnẹ á yẹ̀, ti àwo náà á sì yẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹ̀rọ tó ń lo mọ́tò DC, tí kì í gba eré rẹ̀ lára Hz iná, bíi Technics SL-1200, kò ní wàhálà yìí.

Ihò tí wọ́n kọ PHONO sí lára ámpù ni kí o ki wáyà ẹ̀rọ náà bọ̀. Tí o bá kì í bọ AUX láìsí ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn abẹ́rẹ́ sókè láàárín, gbogbo orin á rí tẹ́ẹ́rẹ́, báàsì á pòórá. Wáyà tín-ín-rín tó ní ìkọ́ lẹ́nu, dè é mọ́ ìdí ámpù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa kùn hùùù. Ìwọ̀n abẹ́rẹ́ kì í sábà ju gíráàmù 1.5 sí 2 lọ, ka ìwé tó bá a wá. Má ṣe lẹ kọ́bọ̀ mọ́ ọn lórí kó má bàa fò, ńṣe ló ń họ àwo.

Ọmọ Ojúẹlẹ́gba — 7:58
Jazzhole l'Awólọ́wọ̀ Road ni mo máa kọ́kọ́ béèrè. Ṣùgbọ́n pè wọ́n kí o tó wọ mọ́tò, o ò ní fẹ́ dá afárá kọjá lásán lọ́jọ́ Ẹtì. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ láti London ló kù.

Látèèfù_K — 8:05
ẸNIKẸ́NI KÓ MÁ RA Á LÓRÍ ÍŃTÁNẸ́Ẹ̀TÌ O! Èyí tí mo rà, wọ́n pè é ní ojúlówó 1994, ọ̀rá kò tíì já lára rẹ̀. Ayédèrú ni. Àwòrán iwájú rẹ̀, ojú Nas nígbà tó wà ní ọmọdé tí wọ́n gbé ka orí òpópónà, ó ṣú bí ìwé tí wọ́n ṣe fọ́tòkọ́pì. Ihò àárín àwo kò bọ́ sí àárín, ọwọ́ abẹ́rẹ́ ń lọ ó ń bọ̀, dùùrù orin kẹrin wá ń lọ́ bíi téèpù tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú. Ẹni tó tà á kò dáhùn mọ́. Owó ti lọ nìyẹn.

Ìyálóde Báàsì — 8:11
Yéè! Ṣé ó ṣì ń tà títí di ìsinsìnyí?

Ọmọ Ojúẹlẹ́gba — 8:13
Látèèfù, ẹ kú ọ̀fọ̀ owó. Báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀ ọ́n kó tó sanwó?

Látèèfù_K — 8:20
Kò sí bí o ṣe lè mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ni olè.

Bàbá Abẹ́rẹ́ — 8:34
Ọ̀nà wà láti mọ̀ ọ́n, Látèèfù, mo bá ọ kẹ́dùn. Nọ́mbà ti Columbia, ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde, fún rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn ni C 57684. Ó gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ páálí. Lẹ́yìn náà, ní kí ẹni tó ń tà á gbé àwo náà tẹ̀ lábẹ́ iná, kó ya fọ́tò ibi dídán tó yí lébẹ́ẹ̀lì ká, níbi tí orin ti parí. 57684 gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n á ti tẹ̀ ẹ́ tàbí họ ọ́ sára rọ́bà náà. Tó bá ní ọ̀rá kò tíì já nítorí náà òun ò lè ya ibẹ̀, fi í sílẹ̀. Ka ẹ̀yìn páálí pẹ̀lú: àwọn ayédèrú máa ń ní lẹ́tà kéékèèké tó dàpọ̀ mọ́ra.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé gbogbo èyí tí kì í ṣe ti 1994 ni ayédèrú. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti tún un tẹ̀ léraléra, títí kan Illmatic XX ti 2014 nígbà tó pé ogún ọdún. Fún iṣẹ́ Sátidé, àtúntẹ̀ tó mọ́ sàn ju ti 1994 tó ti họ lọ.

Látèèfù_K — 8:41
Ẹ ṣe. Àmọ́ mo ṣì ń sọ ọ́: íńtánẹ́ẹ̀tì, RÁRÁ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bíìtì — 9:15
Ẹ jẹ́ ká padà sórí ohun tó máa sọ, torí àwọn ọmọ yẹn kò ní béèrè nọ́mbà ẹ̀yìn páálí.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹrin 1994 ló jáde. Nas jẹ́ ẹni ogún ọdún. Orin mẹ́wàá ni, gbogbo rẹ̀ kò pé 40 ìṣẹ́jú, èyí àkọ́kọ́ sì jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ lásán. Àlejò kan ṣoṣo ló ráàpù nínú rẹ̀, AZ, lórí orin kẹta. Kò sí ibi tí wàá ti sọ pé kí wọ́n yọ eléyìí. Mo gbà pé ìdí àkọ́kọ́ tó fi tọ́jọ́ nìyẹn: ó parí nígbà tí etí ṣì ń fẹ́ sí i.

Ìdí kejì ni àwọn tó ṣe bíìtì. Nígbà yẹn, ẹnìkan tàbí ẹgbẹ́ kan ló sábà máa ń ṣe gbogbo bíìtì inú àwo. Nas kó DJ Premier, Pete Rock, Large Professor, Q-Tip àti L.E.S. jọ. Ó yẹ kó fọ́n ká bí ọbẹ̀ tí ìyàwó márùn-ún sè. Kò fọ́n ká, torí inú àpótí àwọn àgbà jáàsì àti sóòlù ni gbogbo wọn ti lọ gbẹ́ ohùn. Dùùrù "The World Is Yours" wá láti ọwọ́ Ahmad Jamal. "N.Y. State of Mind" gba dùùrù rẹ̀ lọ́wọ́ Joe Chambers. "It Ain't Hard to Tell" gba "Human Nature" ti Michael Jackson.

Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ iyẹ̀pẹ̀ tó wà lára ohùn yẹn, kí o sì sọ ibi tó ti wá fún wọn. Ẹ̀rọ SP-1200 tí Pete Rock àti Large Professor ń lò láti fi gé ohùn látinú àwo ṣe bíìtì, gbogbo ohun tó lè gbà sínú kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ. Láti fi àyè pamọ́, àwọn tó ń lò ó á fi eré 45 gbé àwo 33 sí i, wọ́n á gbà á bó ṣe ń sáré yẹn, wọ́n á wá fà á sẹ́yìn nínú ẹ̀rọ títí á fi padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Ohùn náà á ti gbó díẹ̀ nígbà tó bá fi padà dé, gbígbó yẹn la sì ń gbádùn.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, gbé orin kejì, "N.Y. State of Mind", sí i. Nas kọ́kọ́ sọ pé òun ò mọ bí òun ṣe máa bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ló já wọlé. Premier fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní kí wọ́n ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ bára mu láàárín ìlà kan náà, kì í ṣe ní ìparí ìlà nìkan. Kì í dúró níbi tí bíìtì ti dúró. Gbólóhùn á kọjá ìlà, á lọ parí sínú èyí tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n Peckham — 9:31
Gbogbo èyí dára, àmọ́ ẹ ò ní purọ́ fọ́mọ yìí pé òun ló ga jù. Àwo àkọ́kọ́ ti ẹgbẹ́ ráàpù Wu-Tang ti jáde ní oṣù kọkànlá 1993, RZA, ọ̀kan lára wọn, nìkan ló sì darí bíìtì ibẹ̀. Oṣù kẹsàn-án 1994 ni Ready to Die, àwo ti Biggie, olórin ráàpù New York mìíràn, dé. Biggie mọ ìtàn-án sọ ju Nas lọ, ó sì mọ bí a ṣe ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ ráàpù àtijọ́ rí, Biggie ni kí o fún un.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bíìtì — 9:40
Ẹ̀gbọ́n, ta ló béèrè èyí tó ga jù? Ó ti mú tirẹ̀. Tó bá sì di ti ìtàn, ẹ padà gbọ́ "One Love". Lẹ́tà ni sí àwọn ọ̀rẹ́ tó wà lẹ́wọ̀n, ìròyìn ilé lásán: ẹni tó bímọ, ẹni tó dalẹ̀. Ní ìkẹyìn ó bá ọmọ ọdún 12 kan lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ náà ti ń ta oògùn olóró. Kò wàásù fún un bí pásítọ̀. Ó bá a sọ̀rọ̀, ó sì dìde.

Ẹ̀gbọ́n Peckham — 9:44
Tó bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò tà? Ipò 12 ló ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bíìtì — 9:52
1996 ló tó gba àmì ẹ̀yẹ títà ti góòlù, 2001 ló tó gba pilatínọ́ọ̀mù. Ní 2014 Nas fi ẹgbẹ́ olórin National Symphony kọ ọ́ ní Kennedy Center. Ní 2021, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà fi í kún àwọn ohùn tí wọ́n ń tọ́jú fún ọmọ ẹ̀yìn. Ìbéèrè Ṣeun ni pé kí ló dé tí wọ́n ṣì ń gbọ́ ọ. Títà díẹ̀díẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, ìdáhùn nìyẹn.

Ìyálóde Báàsì — 10:03
Èmi ò lè gbàgbé bàbá Nas o. Olu Dara! Natchez ní Mississippi ni wọ́n ti bí i, Charles Jones ni orúkọ àbísọ rẹ̀, ó sì wá ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, Olú dára. Òun ló fọn fèrè kọ́ńẹ̀tì ní ìparí orin kẹta. Ṣeun, o kò gbọdọ̀ dákẹ́ lórí èyí níwájú ọmọ Yorùbá. Orin kẹsàn-án náà, "Represent", ẹ gbọ́ bó ṣe ń pe àwọn ará àdúgbò rẹ̀ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìparí. Ohun tí akéwì ń ṣe fún ìdílé ni Nas ń ṣe fún Queensbridge yẹn.

Ṣọlá_Ráàpù — 10:20
Ẹ fún wọn ní Rapsodi ti Olamide, 2011. Àwo àkọ́kọ́ lòun náà, èdè wa sì ni. Kí la fẹ́ fi Queensbridge ṣe?

Ọmọ Ojúẹlẹ́gba — 10:22
Ṣọlá, ìbéèrè mìíràn nìyẹn. Ṣí ojú ìwé tirẹ̀.

Ṣọlá_Ráàpù — 10:25
Kì í ṣe ìbéèrè mìíràn. Ọmọ Muṣin gbọ́dọ̀ gbọ́ àdúgbò tirẹ̀.

Bàbá Abẹ́rẹ́ — 10:37
Ọ̀rọ̀ àdúgbò tí Ṣọlá sọ kò jìnnà. Ilé ìjọba aláàjà mẹ́fà ni Queensbridge, 1939 ni wọ́n ṣí i. Ẹ̀gbẹ́ kìíní àwo náà ni wọ́n pè ní 40th Side North, èkejì 41st Side South, orúkọ òpópónà tó wà ní ẹ̀bá ilé wọn. Bí o bá yí àwo padà, o ti sọdá àdúgbò nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí o lo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n Ṣeun, o ò tíì dáhùn mi. Ẹ̀rọ wo ló wà nílẹ̀?

Ṣeun_Muṣin — Ọjọ́bọ̀, 6:50 àárọ̀
Ẹ má bínú, iná lọ lálẹ́ àná. Kò sí ẹ̀rọ àwo kankan. Mo rò pé màá yá a. Jẹnẹ kékeré ni wọ́n ní. Gbọ̀ngàn ìjọ ni, àwọn ọmọ náà sì jẹ́ ọdún 13 sí 17.

Ìyálóde Báàsì — 6:58
Gbọ̀ngàn ÌJỌ! Ṣeun! Orúkọ orin kẹta gan-an, èébú ni!

Ẹ̀gbọ́n Peckham — 7:04
Biggie tí mo ní kí o lò, mo fà á padà.

Bàbá Abẹ́rẹ́ — 7:30
Ó yẹ kí o ti sọ èyí láti àná. Gbàgbé rẹ́kọ́ọ̀dù odidi. Àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n fi orin kan ṣoṣo ṣe nígbà yẹn, wọ́n sábà máa ń ní ẹ̀dà rédíò tí wọ́n ti yọ èébú kúrò, àti bíìtì lásán láìsí ohùn. Wá àwọn ẹ̀dà yẹn fún "The World Is Yours" àti "It Ain't Hard to Tell". Gbọ́ wọn tán nílé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀dà rédíò kì í sábà yọ gbogbo ọ̀rọ̀ oògùn olóró àti ìbọn, èébú ló sábà máa ń yọ. Tó bá di fóònù lo máa lò, pa ohun tó ń da ìparí orin kan pọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ èkejì, kí o sì pa ìpè, kí ẹnikẹ́ni má pè ọ́ láàárín orin.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bíìtì — 7:44
Mi ò fara mọ́ ọn. Àwo tí agbára rẹ̀ wà nínú pé ó pé, ẹ má gé e. Yí ibi ìpàdé padà, tàbí kí o mú àwo mìíràn.

Látèèfù_K — 7:50
Ohun tó bá ṣẹlẹ̀, má rà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ṣeun_Muṣin — Ọjọ́bọ̀, 9:26 alẹ́
Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. CD ni mo rà, tòkunbọ̀, CK 57684, nọ́mbà ti CD, wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò ní gbé gbogbo rẹ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Orin kẹwàá, "It Ain't Hard to Tell", ni màá fi bẹ̀rẹ̀, nínú ẹ̀dà rédíò. Màá kọ́kọ́ gbé "Human Nature" sí i fún ìṣẹ́jú kan, torí wọ́n mọ Michael Jackson, kí wọ́n lè fi etí ara wọn rí ibi tí wọ́n ti gé e. Lẹ́yìn náà, fèrè Olu Dara nìkan, láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti parí lórí orin kẹta. Ìkẹta ni bíìtì "The World Is Yours" láìsí ohùn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìlà mẹ́rin nípa òpópónà tirẹ̀ lé e lórí, ní Yorùbá bó bá wù ú. Ṣọlá, ìwọ lo fi èyí sí mi lọ́kàn.

Ohun tó kù ni sípíkà. Èyí tí ìjọ ní jẹ́ ti ìwàásù, kò ní báàsì rárá. Ta ló ní méjì ní agbègbè Muṣin tàbí Ìdí-Òrò?

Bàbá Abẹ́rẹ́ — 9:41
Ó wà. Wá gbé e lọ́jọ́ Ẹtì kó tó di aago márùn-ún. Ámpù á bá a wá. Mú wáyà RCA tìrẹ, èyí tó ń so ẹ̀rọ orin mọ́ ámpù, dání, kí o sì ní kí wọ́n pa fíríìjì ìjọ tí ẹ bá tan jẹnẹ.