Àtọwọ́dá kọ́, àfọwọ́ṣe ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o.

Arábìnrin tó ń kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà fún àwọn tó ń ta ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe bi wá pé kí ni kí òun máa pe àwọn àwòrán, fídíò àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbé sórí Instagram, Facebook àti TikTok láti fi polówó ọjà wọn, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní content (kọ́ńtẹ́ǹtì). Ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lóhùn pé “àkóónú ọjà àtọwọ́dá”, àwọn kan sì ti kan sáárá sí wọn. Ẹ jọ̀wọ́, kó má tíì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Méjì nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn máa kó bá ẹni tó ń tajà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àtọwọ́dá. Bí a bá wo bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀ nìkan, kò sí àléébù lára rẹ̀: ohun tó ti ọwọ́ ènìyàn wá ni. Àmọ́ ìlò ti gbé e lọ síbòmíràn. Òdòdó àtọwọ́dá ni òdòdó oníke tí kì í rọ. Eyín àtọwọ́dá ni èyí tí dókítà fi rọ́pò eyín tó yọ. Ọgbọ́n àtọwọ́dá sì ni a ń pe ọgbọ́n inú ẹ̀rọ báyìí. Ohun tó dípò ojúlówó ni gbogbo wọn. Ẹ wá wo ẹni tó fi awọ gidi rán àpò, tó kọ “àpò awọ àtọwọ́dá” sábẹ́ àwòrán rẹ̀. Awọ ayédèrú ni oníbàárà máa kà síbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ àwòrán náà ló pè ní àtọwọ́dá, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ló yà á, pé kò sí àpò kankan níbì kankan.

Àfọwọ́ṣe ni mo fara mọ́. A ò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá àwòkọ́ṣe rẹ̀ kiri, ìwé àfọwọ́kọ ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ò fẹ́ àfọwọ́- torí pé àfọwọ́fà àti àfọwọ́rá ti bà á lórúkọ jẹ́: ọ̀kan jẹ́ wàhálà tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà, èkejì jẹ́ olè. Ohun tí wọ́n sọ yé mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe tó gbẹ̀yìn ló gbé ẹ̀bi wá síbẹ̀, ọwọ́ ò jẹ̀bi. Ẹni tó ń rán nǹkan ni kó kàn ṣọ́ra, kó má gbàgbé n tó wà nídìí àfọwọ́rán, torí bí n yẹn bá bọ́, ọjà olè ló ń polówó.

Ohun tó wù mí jù nínú àfọwọ́- ni pé ó fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sì di dandan kí olọ́jà sọ ohun tí ọwọ́ òun ṣe gan-an: àfọwọ́rán, àfọwọ́mọ, àfọwọ́sín, àfọwọ́kùn. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, handmade, pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, ó sì dá ìjà sílẹ̀. Lórí Etsy, ọjà orí ayélujára tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005 fún irú ọjà yìí, wọ́n yí òfin padà ní 2013 pé oníṣọ̀nà lè gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ mìíràn bá òun ṣe, bó bá ti gbàṣẹ, kí ọjà náà sì ṣì máa jẹ́ ohun tí a fọwọ́ ṣe. Inú ọ̀pọ̀ oníṣọ̀nà kò dùn sí i. Lọ́dọ̀ tiwa, bí mo bá fi ẹ̀rọ ìránṣọ rán àpò, mi ò lè pè é ní àfọwọ́rán. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ni mo fi gé awọ rẹ̀, kí n pè é ní àfọwọ́gé, kí n sì fi mọ síbẹ̀.

Ẹni tó ń ráhùn pé òun ò mọ ohun tí òun máa gbé sójú òpó lè bẹ̀rẹ̀ látinú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè di fídíò kan. Ẹ mú àpò awọ àfọwọ́rán. Òwú kan ṣoṣo ni, abẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun òwú náà kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì ń gba inú ihò kan náà kọjá, ọ̀kan láti iwájú, èkejì láti ẹ̀yìn. Bí òwú bá já lójú kan, apá kejì ṣì dì í mú. Ti ẹ̀rọ ìránṣọ kò rí bẹ́ẹ̀. Òwú òkè àti ti ìsàlẹ̀ kàn ń kọ́ ara wọn lọ ni, bí ọ̀kan bá já, ìyókù lè máa tú. Ẹ gbé fóònù sún mọ́ ihò yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìró òwú bó ṣe ń gba inú awọ, kí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Àfọwọ́rán. Abẹ́rẹ́ méjì, ihò kan.” Ó tó. Mi ò rò pé “ọjà wa dára, ẹ wá rà á” lè ṣe ìdajì iṣẹ́ yẹn.

Ó ku àkóónú, ìyẹn ohun tí a kó sínú nǹkan. Ẹni tó ń ta ọṣẹ gbọ́dọ̀ sọ àkóónú ọṣẹ rẹ̀, irú òróró tó lò àti ohun tó fún un ní òórùn dídùn, kí ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba nǹkan kan lè yẹra fún un. Bí ìwé wa bá wá ní kó “ṣe àkóónú fún ọṣẹ”, ṣé fídíò ni kó lọ yà ni, àbí kó lọ po òróró? Ti àpò tún burú jù ú lọ; wọ́n á bi í pé kí ló kó sínú rẹ̀. Kí àkóónú máa jẹ́ ti ìwé àti ìwé ìròyìn lọ, ibẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Ìpàtẹ ni mo dá lábàá. “Mo ti pàtẹ tòní.” “Ìpàtẹ mẹ́ta ni mo ní fún ọ̀sẹ̀ yìí.” “Ìpàtẹ rẹ ò fi ọwọ́ rẹ hàn.” Ẹnìkan á ní ibi tí ọjà wà ní ti gidi là ń pè ní ìpàtẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ fún ẹni tí kò ní ìsọ̀, ojú fóònù ni àtẹ rẹ̀. Ìpolówó tí àbúrò wa mú wá kò burú, àwọn àgbà kúkú ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, ṣùgbọ́n odindi iṣẹ́ náà ni ìpolówó, ìpàtẹ sì ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ máa sọ kọ́ńtẹ́ǹtì lẹ́nu, kó máa sọ ọ́. Èmi náà ń sọ ọ́.

Àwọn tó kù kò le. Fún follower, olùtẹ̀lé sàn ju ọmọlẹ́yìn, tó ti di ti wòlíì. Èyí tó ń pòórá lórí Instagram lẹ́yìn wákàtí 24, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Story (ìtàn), ìpàtẹ òòjọ́ ni kí a pè é. Kò sí ìtàn kankan nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ní ti àmì # (hashtag), tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Chris Messina dá lábàá lórí Twitter ní 2007, àmì ìṣàwárí dára. Kí ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ní àmì ohùn, ṣùgbọ́n kí a tún kọ #afowose láìfi àmì sí i, torí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n bá ń wá nǹkan.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ ràn mí lọ́wọ́ ni àfọwọ́hun. Ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ kọ́ hun fìlà, ẹni tó jókòó ti òfì hun aṣọ, ẹni tó ń hun agbọ̀n, hun ni gbogbo wọn ń hun. Ta ló ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀?