Àbùjá kọ́ ni ọ̀nà tó kúrú jù

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Nínú iṣẹ́ wa láti fún àwọn ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ní orúkọ Yorùbá, ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí a máa pe ọ̀nà tó kúrú jù, èyí tí kọ̀ǹpútà ń wá nínú ọgbà arúnilójú ("maze", ibi tí ògiri pín sí yàrá yàrá tí èèyàn ti ń wá ọ̀nà jáde), ní "àbùjá". Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn.

Ẹni tó gba àbùjá ti yà kúrò lójú ọ̀nà: ó la igbó, ó gba ẹ̀yìnkùlé onílé kọjá. Ọgbà arúnilójú kò gba irú ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fo ògiri. Àwọn àgbà ní kò sí ọ̀nà àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ, ibi tí a gbà gùn ún la ó gbà sọ̀ kalẹ̀. Lóòótọ́, àbùjá kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó kúrú jù wà níbẹ̀: òun náà ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà. Bí a bá sọ méjèèjì di ọ̀rọ̀ kan, ohun tí òwe wa ní kò sí ni ìwé kọ̀ǹpútà wa yóò máa ní ó wà.

Ẹlòmíràn ní kí a pe wíwá náà ní "ìwákiri". Ẹ wo ohun tí Edward F. Moore, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1959. Ẹ kọ 0 sí yàrá tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo yàrá tó kàn án tí ògiri kò dí, ẹ kọ 1 sí i. Èyí tó kan ti 1 tí kò tíì ní nọ́ńbà, ẹ kọ 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà àbájáde. Bí ibẹ̀ bá gba 14, kò sí ọ̀nà tí ìgbésẹ̀ 13 lè gbé yín débẹ̀. Ẹ wá máa tọ nọ́ńbà padà, 14, 13, 12, títí dé 0. Ọ̀nà yín nìyẹn. Ní 1961, C. Y. Lee fi ọgbọ́n yìí wá ibi tí wáyà yóò gbà láàárín ẹ̀yà ẹ̀rọ.

Níbo ni "kiri" wà nínú èyí? Ìpele kan kì í bẹ̀rẹ̀ kí èyí tó ṣáájú rẹ̀ tó parí. "Wíwá onípele" ló bá a mu. Èyí tó ń tọ ọ̀nà kan títí yóò fi há kó tó padà, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ "wíwá àlọdópin". Òun náà lè jáde, àmọ́ kò dá wa lójú pé ọ̀nà tó kúrú jù ló bá jáde.

Ní ti "ọ̀nà tó yá jù", tí àwọn kan tún lè fẹ́ lò dípò "ọ̀nà tó kúrú jù", àkókò ni "yá" ń mú wá. Nígbà tí Edsger Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Netherlands, ń ro ọ̀nà láti ìlú Rotterdam sí Groningen ní 1956, gígùn ọ̀nà ló ń rò pọ̀, kì í ṣe iye ìlú tó wà lójú ọ̀nà. "Kúrú" gba ìyẹn, ó sì gba ìgbésẹ̀ Moore náà.

Ó ku orúkọ fún àwọn yàrá tí a ti rí tí a kò tíì yẹ̀ wò, tí wọ́n ṣì wà lórí ìlà. Ta ló ní àbá?