Mo fẹ́ mú màmá ọkọ mi lọ sí Áténì, wọ́n ní mo fẹ́ pa wọ́n

Àdùkẹ́ Manchester:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹbí ọkọ.

Láti oṣù kẹrin ni màmá ọkọ mi ti wà lọ́dọ̀ wa. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, ìyá ìjọ ni wọ́n ní Iléṣà. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí a jọ ń ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní bí ẹsẹ̀ àwọn bá lè tẹ Áréópágù, òkè òkúta níbi tí Pọ́ọ̀lù ti wàásù Ọlọ́run àìmọ̀ fún àwọn ará Áténì, àwọn ò tún ní béèrè nǹkan kan mọ́ lọ́wọ́ Olúwa. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ṣe iṣẹ́ òru. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù àwa mẹ́ta, mo sanwó òtẹ́ẹ̀lì ní Monastiraki, àdúgbò kan ní Áténì, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì Acropolis, òkè tí tẹ́ńpìlì àtijọ́ wà lórí ẹ̀, 30 yúrò lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, aago 1 ọ̀sán, nínú oṣù kẹjọ yìí. Mo tún rán àǹkárá tí a máa fi ya fọ́tò.

Àfi bí àbúrò ọkọ mi tó wà ní Houston ṣe rí fídíò àtẹ̀gùn òkè náà. (Wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, Àǹtí ni mo ń pè é, mo sì fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ.) Ẹni tí kò ra ọṣẹ fún Màmá rí! Ó kọ ọ́ sí WhatsApp ẹbí, lójú gbogbo ayé: "Ṣé ìyàwó fẹ́ pa ìyá wa ni?" Ọkọ mi kà á, ó gbé fóònù kalẹ̀, ó ní ká yanjú ẹ̀ láàrin ara wa.

Ṣé àtẹ̀gùn yẹn le tó bẹ́ẹ̀? Kí ni kí n sì fún obìnrin yìí lésì?

Ìyá Ìbejì Peckham:
Mo ti débẹ̀. Àtẹ̀gùn kọ́ ni wàhálà, òkúta ibẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ èèyàn ti dán an títí ó fi ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ní Áréópágù, àtẹ̀gùn irin wà tó ní ohun tí wọ́n lè dì mú. Kí Màmá má gba ti òkúta àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ o! Ìwàásù Pọ́ọ̀lù wà lára bàbà nísàlẹ̀ òkè náà, èdè Gíríìkì ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n lè fọwọ́ kàn án láìgun òkè rárá. Ní Acropolis, lífítì wà fún ẹni tí kò lè gun òkè, ẹ pè wọ́n ṣáájú. Èmi, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mi ló já síbẹ̀. Sálúbàtà tí mo rà ní Monastiraki lọ́jọ́ náà, òun ni mo ṣì ń wọ̀ lọ sọ́jà dòní.

Bàbá Àkànní:
Aago 1 ọ̀sán nínú oṣù kẹjọ kẹ̀? Nígbà ooru 2023, ṣe ni wọ́n ń ti ibẹ̀ pa lọ́sàn-án. Ẹ yí i sí aago 8 àárọ̀.

Àdùkẹ́ Manchester:
Aago 8 ti tán nígbà tí mo fẹ́ rà á. Oòrùn wo ni Màmá ò tíì rí ní Iléṣà? Orúnkún ọ̀tún nìkan ló máa ń dùn wọ́n. Ẹ ò sì tíì dá mi lóhùn lórí ará Houston.

Ọmọ Ọbàlùfọ̀n:
Kí lẹ ń náwó fún? Ère tí Elgin, ìjòyè ará Scotland, kó kúrò lára Parthenon, tẹ́ńpìlì orí Acropolis yẹn, wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀fẹ́ sì ni. Orí idẹ Ifẹ̀ wa náà wà níbẹ̀. Ẹ fi ìrìn àjò kan rí ìyà Gíríìsì àti tiwa.

Ìyá Ìbejì Peckham:
Ṣé Bloomsbury, àdúgbò British Museum yẹn, ni Pọ́ọ̀lù ti wàásù ni?

Ọmọ Ọbàlùfọ̀n:
Ẹ̀yin tí bàtà yín já, ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn.

Táíwò Croydon:
Àdùkẹ́, ìwé ìrìnnà wo ni Màmá ń lò?

Àdùkẹ́ Manchester:
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Ṣé wọ́n á gbowó lífítì yẹn?

Ìyá Ìbejì Peckham:
Wọn kì í gbowó ẹ̀. Bí atẹ́gùn bá le, wọ́n lè dá a dúró o.

Táíwò Croydon:
Mo ní ìwé ìrìnnà wo?

Àdùkẹ́ Manchester:
Ti Nàìjíríà. Èmi àti ọkọ mi ló ní ti Gẹ̀ẹ́sì. Físà oṣù mẹ́fà tí wọ́n bá wá síbí kò sì tíì tán, kí ló kù?

Táíwò Croydon:
Háà. Físà ibí yìí ò lè gbé wọn wọ Gíríìsì. Físà Schengen, ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan, ni wọ́n nílò. Ọjọ́ 15 ni wọ́n sábà máa ń fi yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí wọ́n bá gba ìwé lọ́wọ́ yín, wọ́n sì lè ní kí ẹni tó wá kí ọmọ lásán padà lọ gbà á nílé. Ọjọ́ wo lẹ ń lọ?

Àdùkẹ́ Manchester:
Ọjọ́ kẹsàn-án òní.

Bàbá Àkànní:
Ẹ ṣáà yí i sí aago 8.

Ìyá Ìbejì Peckham:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Àdùkẹ́, ìwọ tó o ń gbé ìlú yìí, o ò mọ̀? Ní pápákọ̀ òfurufú Manchester ni wọ́n ti máa dá ìyá arúgbó yẹn padà, tòun ti àǹkárá lọ́rùn.

Àdùkẹ́ Manchester:
Ẹ má nà mí lẹ́gba ọ̀rọ̀. Ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi ló sì sọ pé físà yẹn tó. Màmá ti sọ fún gbogbo ìjọ, ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni wọ́n gbàdúrà ìrìn àjò fún wọn lórí fídíò.

Táíwò Croydon:
Pe ilé iṣẹ́ bàálù láàárọ̀ ọ̀la, bóyá wọ́n á jẹ́ kó o sún ọjọ́ síwájú. Ti òtẹ́ẹ̀lì náà ńkọ́?

Àdùkẹ́ Manchester:
Èyí tí wọn kì í dá owó ẹ̀ padà ni mo rà, òun ló dínwó.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà lọ ka ọ̀rọ̀ Àǹtí Houston tán ni. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni mo kà lọ́jọ́ yẹn tí inú fi bí mi. Ìlà kejì rèé: "Ó tiẹ̀ dáa, ṣé Màmá ní físà Gíríìsì?"

Ọmọ Ọbàlùfọ̀n:
Aago 10 àárọ̀ ni British Museum máa ń ṣí.