"Òòyì" kọ́ ló ń ṣe awakọ̀ hẹlikópítà tó wọ inú kùrukùru

Ẹ kú àpérò o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àwọn kan nínú wa dábàá pé ká pe ohun tó ń ṣe awakọ̀ hẹlikópítà kékeré tó wọ inú kùrukùru, tí kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́, ní "òòyì òfurufú". Mo ka àlàyé wọn dáadáa, àmọ́ n kò lè fara mọ́ ọn. Orúkọ yẹn lè ṣini lọ́nà, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni.

Ẹni tí òòyì ń kọ́ mọ̀ pé òòyì ń kọ́ òun. Á wá nǹkan dì mú. Awakọ̀ tí à ń wí yìí, ara rẹ̀ lè balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Nínú etí wa lọ́hùn-ún, omi wà nínú ihò róbótó mẹ́ta tó máa ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé a ń yí. Bí bàálù bá rọra yí, omi yẹn lè má mira rárá. Bí ó bá sì ń yí lọ láìdáwọ́ dúró fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú àáyá, omi náà á bá a dọ́gba, ọpọlọ á gbà pé ọ̀nà tààrà là ń tọ̀. Tí awakọ̀ bá wá tún un ṣe kó dúró déédéé, ìgbà yẹn gan-an ni ara á ní ó ti ń tẹ̀ sí òdìkejì, lọ́wọ́ rẹ̀ bá tún dá a padà síbi tó ti ń ṣubú. Ojú ló máa ń já irọ́ yìí, torí ó ń rí ilẹ̀. Nínú kùrukùru, ojú ò rí nǹkan kan já.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 2020, hẹlikópítà tó gbé Kobe Bryant, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ọmọ Amẹ́ríkà, já ní Calabasas, ní California, gbogbo ènìyàn mẹ́sàn-án tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Awakọ̀ sọ fún àwọn tó ń darí bàálù pé òun ń gòkè lọ sí 4,000 ẹsẹ̀ bàtà. Lásìkò náà, bàálù ti ń yí sí òsì, ó ń já bọ̀. Ọkùnrin náà ò parọ́. Ohun tí ara rẹ̀ sọ fún un ló sọ. Torí náà, dípò "òòyì òfurufú", mo dábàá "ìtànjẹ ara".

Hẹlikópítà tó gbé Kobe yẹn, Sikorsky S-76, tilẹ̀ ní ẹ̀rọ tó lè bá awakọ̀ di bàálù mú. Ọ̀pọ̀ àwọn kékeré bíi Robinson R44 ni kò ní in, bí ọwọ́ bá sì kúrò lára ọ̀pá ìdarí wọn, wọn kì í dúró déédéé. Ní ọdún 1954, Yunifásítì Illinois dán 20 awakọ̀ bàálù tí kò kọ́ bí a ṣe ń fi aago (àwọn ẹ̀rọ atọ́nà tó wà níwájú awakọ̀) wa bàálù wò, láìjẹ́ kí wọ́n rí ìta. Gbogbo wọn ni bàálù bọ́ mọ́ lọ́wọ́, ìpíndọ́gba àkókò tó gbà kó tó bọ́ sì jẹ́ 178 ìṣẹ́jú àáyá.

Mo tún lòdì sí pípe irú ìjàm̀bá yìí ní "ìjàm̀bá ojú ọjọ́". Ojú ọjọ́ kọ́ ló wá bá awakọ̀. Ìkùukùu ń sọ̀kalẹ̀, òun náà ń sọ̀kalẹ̀, ó ń dẹ eré, ó rò pé ọ̀nà máa là níwájú. Bẹ́ẹ̀ hẹlikópítà lè balẹ̀ sí pápá gbalasa èyíkéyìí kí ó tó di pé kùrukùru bo gbogbo rẹ̀. Ó yẹ kí orúkọ fi hàn pé ó yàn láti máa lọ. Ẹ jẹ́ ká pe wíwa bàálù pẹ̀lú ojú ní "ìfojúwà", ká pe ti aago ní "ìfaagowà". Ìjàm̀bá yìí á wá jẹ́ "ìjàm̀bá ìfojúwà nínú kùrukùru". Ẹni tó bá ní ó gùn lè gé e kúrú, tí kò bá ṣáà ti yọ "ìfojúwà" kúrò.