Ìmọ̀ràn: oúnjẹ ìbílẹ̀ Filipínì fún ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀

Àbíkẹ́ Ìlọrin:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí orílẹ̀-èdè Filipínì nínú oṣù Kejìlá, n ó sì ráyè kúrò ní Manila lọ sí àwọn erékùṣù mìíràn. Mùsùlùmí ni mí, n kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, oúnjẹ ìbílẹ̀ àti ìpápánu aládùn wo ló yẹ kí n tọ́ wò?

Ajíṣafẹ́:
Bí mo bá jẹ́ yín, Bacolod ní erékùṣù Negros ni mo máa kọ́kọ́ lọ, nítorí adìyẹ sísun wọn tí ń jẹ́ inasal. Wọn a rẹ ẹ́ sínú fínígà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí ń jẹ́ kalamansi, atalẹ̀, aáyù àti ewé tíì; bí ó bá sì ti wà lórí ẹ̀yín iná, wọn a máa fi òróró tí wọ́n fi èso achuete pa láró kùn ún títí awọ rẹ̀ yóò fi di pupa fòò. Níwọ̀n bí Negros ti jẹ́ ilẹ̀ ìrèké, ẹ wá piaya náà, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n di ṣúgà aláwọ̀ ilẹ̀ sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ béèrè irú ọ̀rá tí wọ́n fi pò ó.

Bàbá Táyé:
Ìmọ̀ràn Ajíṣafẹ́ dára, àmọ́ ẹni tí ń sá fún ẹlẹ́dẹ̀ kò gbọdọ̀ fojú fo Mindanao àti àwọn erékùṣù tó yí i ká, níbi tí àwọn Mùsùlùmí wà. Àwọn Tausug ń se ọbẹ̀ ẹran màlúù kan, tiyula itum, tí ó dúdú kirikiri nítorí pé wọ́n jó àgbọn di èédú kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ mọ́ èròjà. Ní agbègbè yòókù, bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ bá tilẹ̀ wù yín, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé "May baboy po ba ito?", kí ẹ fi mọ̀ bóyá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí wọn a máa ju ègé rẹ̀ sínú pinakbet àwọn ará Ilocos, àti sínú laing, ewé kókò tí àwọn ará Bicol ń fi omi àgbọn àti ata sè, láì ka ìyẹn sí ọbẹ̀ ẹran rárá.

Adùnní Ìjẹ̀bú:
Ó dára pé oṣù Kejìlá ni ẹ ń lọ. Láti ọjọ́ 16 sí 24 oṣù náà ni àwọn Kátólíìkì máa ń jí lọ sí máàsì kí ilẹ̀ tó mọ́, ìtòsí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì ti ń ta bibingka: ìyẹ̀fun ìrẹsì àti omi àgbọn tí wọ́n dà sínú abọ́ amọ̀ tí wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí, tí ẹ̀yín iná wà lábẹ́ rẹ̀, tí òmíràn tún wà lórí ìdérí. Ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Bí ó bá tutù, adùn rẹ̀ ti dínkù.

Èyí tí ó wù mí jù ni ube halaya. Ewùrà ni ube, oríṣi tí inú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò. Wọn a sè é, wọn a gún un, wọn a sì máa rò ó lórí iná pẹ̀lú mílíìkì, bọ́tà àti ṣúgà títí yóò fi ki. Àwọn ará erékùṣù Bohol bọ̀wọ̀ fún ewùrà yìí débi pé, bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, àṣà wọn ni kí ó mú un nílẹ̀, kí ó sì fi ẹnu kò ó. Èmi tí ìkọ́kọrẹ́ ni mo fi mọ ewùrà, ẹnu yà mí.

Àbíkẹ́ Ìlọrin:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé halaya náà ṣeé gbé wálé fún àwọn ọmọ?

Adùnní Ìjẹ̀bú:
Inú àpótí ńlá ni kí ẹ kó èyí tí ó wà nínú ìgò sí, nítorí wọ́n lè má jẹ́ kí ẹ gbé e lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ òfurufú. Máńgòrò gbígbẹ ti Cebu àti èso pili oníṣúgà ti Bicol kò ní yọ yín lẹ́nu.