Ọdún mẹ́rin láì wakọ̀, ẹsẹ̀ mi ti di ti àlejò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí mo ti di sítíárìn mú kẹ́yìn. Bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin ni mò ń wọ̀ látìgbà tí mo ti dé ìhín. Iṣẹ́ tuntun tí mo wá rí yìí, bọ́ọ̀sì kì í débẹ̀ lóru, la bá ra ọkọ̀. Mánúà kékeré ni mo fi kọ́ ọkọ̀ wíwà, ọ̀tọ̀mátíìkì gàgàrà sì ni èyí. Lánàá mo gbé e jáde. Mo dé oríta, ẹsẹ̀ òsì mi ń wá kílọ́ọ̀ṣì tí kò sí níbẹ̀, bíréèkì ló bá pàdé, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ dúró gbì! Ẹni tó wà lẹ́yìn mi fọn fèrè títí etí mi fi di. Ẹkún ni mo sun délé. Ìwé ìwakọ̀ mi ṣì péye o, èmi alára ni kò péye mọ́.

* * *

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ta ni yóò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́? Èmi náà ti mu nínú omi yẹn rí. Bí mo ṣe rí i, o ò gbàgbé ọkọ̀ wíwà rárá. Ọkọ̀ àtijọ́ ni ara rẹ kò tíì gbàgbé. Ẹsẹ̀ rẹ ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Nítorí náà, má tíì padà sí títì. Níbi tí ọkọ̀ yẹn dúró sí ni kó o ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Wọ inú rẹ̀, má tan ẹ́ńjìnì, jókòó fún ìdajì wákàtí. Ìjókòó ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe. Tẹ bíréèkì délẹ̀, kí orúnkún rẹ ṣì ká díẹ̀. Fi èjìká ti ẹ̀yìn ìjókòó, kó o na apá: ọrùn ọwọ́ ló yẹ kó lè sinmi lórí sítíárìn. Bó bá jẹ́ ìka nìkan ló kàn án, o jìnnà jù. Má sì fàyà lé e o, nítorí àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde nínú sítíárìn nígbà ìjàǹbá, tagbáratagbára ló ń jáde. Fi bíi sẹ̀ǹtímítà 25 sáàárín àyà rẹ àti rẹ̀. Ìrọ̀rí ìjókòó, gbé e sókè kó bá àtàrí rẹ dọ́gba.

Nínú dígí àárín, gbogbo fèrèsé ẹ̀yìn ni kó hàn. Nínú ti ẹ̀gbẹ́, kí ara ọkọ̀ rẹ kàn yọjú tín-ín-rín létí rẹ̀, kí ìyókù jẹ́ títì. Bó ti wù kó o tò wọ́n dáadáa tó, ibì kan wà tí dígí kì í rí, nítorí náà yí ọrùn wẹ̀yìn kó o tó yà.

Lẹ́yìn ìyẹn, dijú, kó o máa fọwọ́ wá nǹkan: tráfíkétọ̀, wáípà, fèrè, iná, bọ́tìnì tó ń lé ìkùukùu kúrò lójú dígí. Ọkọ̀ mìíràn, ọwọ́ òsì ni tráfíkétọ̀ rẹ̀ wà, òmíràn ọwọ́ ọ̀tún. Inú òjò kọ́ lèèyàn ti ń wá wáípà.

Ẹsẹ̀ òsì tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Ibi ìsinmi kan wà fún un ní igun ọ̀hún, gbé e síbẹ̀ kó jókòó jẹ́ẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni yóò máa tẹ iná, ìyẹn pẹ́dà tó ń mú ọkọ̀ sáré, òun náà ni yóò máa tẹ bíréèkì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ńṣe ni mo ká tèmi sẹ́yìn, mọ́ ẹsẹ̀ ìjókòó. Kò dára lójú, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́.

Nígbà tó o bá wá tan án, wá ilẹ̀ tó tẹ́jú tí ọkọ̀ kò sí, láàárọ̀ kùtù. Yọ ẹsẹ̀ lórí bíréèkì, má tẹ iná. Ọ̀pọ̀ ọ̀tọ̀mátíìkì á máa rá lọ fúnra wọn. Jẹ́ kó rá, kó o dá a dúró, kó tún rá, títí ìdádúró rẹ̀ kò fi ní gbọn orí rẹ síwájú mọ́. Kó o wá gbé ike omi méjì kalẹ̀, gba àárín wọn kọjá, sọ̀kalẹ̀ lọ wo àyè tó kù. Lójú ẹ, ọkọ̀ yẹn fẹ̀ ju bó ṣe fẹ̀ lọ.

* * *

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Àǹtí, ohun tí mo fẹ́ fi kún un kò pọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa gbà fún ọjọ́ mélòó kan, ìṣẹ́jú ogún péré. Ọjọ́ tó bá ti sú yín ni kẹ́ ẹ fi ohun tuntun kan kún un: ráńdábáòtù lónìí, alẹ́ lọ́jọ́ mìíràn, òjò lọ́jọ́ mìíràn. Òpópónà márosẹ̀ ni kó kẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ọkọ̀ iwájú bá kọjá òpó kan, kí ó tó ìṣẹ́jú àáyá méjì kí tiyín tó débẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ sọ ọ́ di mẹ́rin. Ojú yín, ọ̀ọ́kán ni kẹ́ ẹ máa gbé e sí, kì í ṣe orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, torí ibi tójú bá ń wò lọwọ́ ń darí ọkọ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó máa jókòó tì yín náà ṣe pàtàkì. Èmi mú ìyàwó mi lọ. Bíréèkì tí kò sí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń tẹ̀ títí a fi padà délé, a ò sì bára wa sọ̀rọ̀ mọ́ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ sanwó wákàtí méjì fún olùkọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ ní bíréèkì méjì, ó dínwó ju ìjà lọ. Kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé orúkọ yín wà nínú ìwé adójútòfò.

* * *

Ọ̀rẹ́, bó bá ṣẹlẹ̀ pé oníná mànàmáná lọkọ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn máa ń fà sẹ́yìn bíi pé èèyàn tẹ bíréèkì, gbàrà tó o bá yọ ẹsẹ̀ lórí iná. Má bẹ̀rù, bátìrì ni wọ́n ń kún. Tí ẹ̀gbẹ́ títì tí wọ́n ń gbà níhìn-ín kì í bá ṣe èyí tó o fi kọ́ṣẹ́, orí ìyàbàrá ló ti máa ń dàrú mọ́ọ̀yàn lójú, pàápàá nígbà tí títì bá dá. Bí sítíárìn ọkọ̀ rẹ bá jẹ́ ti ìhín, ìwọ awakọ̀ ni kó o máa wà nítòsí àárín títì nígbà gbogbo.

* * *

Mo dúpẹ́ o, gbogbo yín. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Ike omi méjèèjì ṣì wà ní òòró, mo sì ti lọ síbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ òsì ti gbọ́ràn. Ọwọ́ ló kù: lónìí, oòrùn ń ràn gan-an, mo fẹ́ yà, wáípà ni mo tàn, ẹ̀ẹ̀mẹta.