Ṣé lọ́yà Abẹ́òkúta lè bá sójà àtijọ́ Amẹ́ríkà gba owó ìpalára?

Ọmọ Ìbarà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ṣe sójà ní Amẹ́ríkà ti padà wálé sí Abẹ́òkúta. Ó béèrè owó ìpalára lọ́wọ́ VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn sójà àtijọ́, lórí orúnkún àti etí tó ń hó. Wọ́n gba ti etí, wọ́n kọ ti orúnkún. Lẹ́tà náà ti pé oṣù mẹ́rin. Lọ́yà kan lágbègbè kóòtù Ìsàbọ̀ ní ká san owó àsansílẹ̀ kóun tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé ká gbà?

Ìyá Aládìrẹ:
Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Kò sẹ́ni tó lè gbowó láti bá sójà ṣe ọ̀rọ̀ yìí àfi ẹni tí VA fọwọ́ sí, lọ́yà tí wọ́n sì lè fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Ẹ wo ojú ìwé Office of General Counsel, ìyẹn ẹ̀ka òfin VA, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Bí kò bá jáde, ẹ fi í sílẹ̀.

Ká ní ìwé àkọ́kọ́ ni, òfin ò gbà kí lọ́yà gba nǹkan kan. Ìgbà tí VA bá ti dájọ́ lẹ́ẹ̀kan ni owó lè wọ̀ ọ́. Àdéhùn tó wọ́pọ̀ ni 20% owó ẹ̀yìn, ìyẹn owó oṣù tó ti kọjá tí VA máa san pọ̀ lẹ́ẹ̀kan bí wọ́n bá gbà, VA fúnra rẹ̀ ló sì máa ń yọ ọ́. Bí owó ẹ̀yìn bá jẹ́ $10,000, ti lọ́yà jẹ́ $2,000. Owó oṣooṣù tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ti ẹ̀gbọ́n yín ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá rí iye tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ tún wò ó bóyá owó dókítà àti owó ìwé wà lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kì í kà dáadáa.

Baba Lántòrò:
Mo gbè é lẹ́yìn. Àmọ́ ẹ ka lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó wá lọ́yà. Nǹkan mẹ́ta ni VA ń wá: àìsàn tó wà lára báyìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun, àti okùn tó so méjèèjì pọ̀. Okùn yẹn ló sábà máa ń já.

Lẹ́tà dókítà ló ń tún un so. Dókítà eegun kan, ní FMC Ìdí-Abà tàbí ibòmíràn, gbọ́dọ̀ sọ pé òun ti ka ìwé ìtọ́jú ìgbà iṣẹ́ sójà, kó kọ ọ́ pé ó jẹ́ "at least as likely as not" (ó kéré tán, bó ṣe lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lè jẹ́ bẹ́ẹ̀) pé iṣẹ́ náà ló fa ìpalára, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Bó bá kọ "may be" tàbí "could be" (bóyá ni, ó ṣeé ṣe), wọn ò ní kà á sí. Bó bá jẹ́ pé ohun tí aláìsàn wí nìkan ló kọ sílẹ̀ láìwo ìwé, kò lágbára.

Lẹ́tà tuntun yẹn ni ẹ ó fi kọ fọ́ọ̀mù 20-0995, èyí tí wọ́n fi ń tún ẹjọ́ gbé wá pẹ̀lú ẹ̀rí tuntun. Ẹ má mú 20-0996, èyí tí wọ́n fi ń ní kí ọ̀gá tún ìdájọ́ wò, torí wọn kì í gba ẹ̀rí tuntun níbẹ̀. Ọdún kan ni ẹ ní láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀, ó ku oṣù mẹ́jọ. Bó bá kọjá, owó ẹ̀yìn láti ìgbà tó kọ́kọ́ kọ̀wé á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìyẹn ló ń dùn mí jù.

DAV àti American Legion, ẹgbẹ́ àwọn sójà àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, ń bá èèyàn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, fọ́ọ̀mù 21-22 lẹ ó fi yàn wọ́n ṣe aṣojú. Ti lọ́yà ni 21-22a. Ẹ mú ọ̀kan, torí èyí tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí kẹ́yìn ló ń pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́.

Ọmọ Ìbarà:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ ṣeun, sà. Ṣé ìyàwó rẹ̀ nílò láti búra ní kóòtù lórí ohun tó rí?

Baba Lántòrò:
Rárá. Fọ́ọ̀mù 21-10210 ni kó kọ, kó fọwọ́ sí i. Kó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí: ìgbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, àtẹ̀gùn tí kò lè gùn mọ́. Kó má sọ̀rọ̀ bíi dókítà. Ẹ fi í ránṣẹ́ lórí va.gov, kẹ́ ẹ pa ìwé tó fi ọjọ́ hàn mọ́.